Ìpara Tó Ń Jó Ojú Abọ́dúnrìn

Okokomaiko,
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta, 1988

Bọ́lánlé, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú òtútù ìlú yẹn. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun? Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń retí lẹ́tà rẹ. Nígbà tí n kò rí nǹkan kan, mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ọ̀jọ́. Akọ̀wé ibẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ tún dé? Bí ìwé yín bá dé, a ò ní fi se ọbẹ̀." Ìyá rẹ ní kí n yé dààmú ara mi, pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í ráyè kọ̀wé. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé o ti ṣubú lórí yìnyín. Mo kà á nínú ìwé ìròyìn pé àwọn èèyàn ń ṣubú lórí yìnyín níbẹ̀, tí egungun ìdí wọn sì ń kán.

Ọ̀rọ̀ Abọ́dúnrìn ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Egbò tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ, èyí tó dà bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ nígbà tí ò ń lọ, kò san o. Yóò gbẹ, yóò tún ṣí. O mọ bí awọ àfín ti rí, o sì mọ irú iṣẹ́ tó yàn láàyò: orí àkàbà ní Ìyànà Ìbà, tó ń fi ọ̀dà kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sára pátákó títí oòrùn yóò fi wọ̀. Mo ní kó dé fìlà. Ó ní fìlà kì í jẹ́ kóun rí òkè pátákó. Àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pè é ní Òyìnbó Átíìsì, òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà gé bíńtín nínú egbò náà fún àyẹ̀wò. Nígbà tí a padà lọ gbọ́ èsì, ó ní jẹjẹrẹ awọ ara ni. Mo wá ìjókòó. Ó ní kí n má fòyà, pé orí awọ ló ṣì wà, kò tíì wọnú ẹran, pé ìpara kan wà tí wọ́n fi ń pa irú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí i lọ́dọ̀ wọn. Mo ti wá a ní gbogbo ilé oògùn tó wà ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà, mo wá a dé Ìdúmọ̀tà. Ibì kan tiẹ̀ wà tí wọ́n ti fẹ́ ta ìpara tí wọ́n fi ń bó ara fún mi, fún ọmọ àfín! Mo ti fi orúkọ oògùn náà àti èsì àyẹ̀wò sínú àpò ìwé yìí.

Bá wa wá a, Bọ́lánlé Àyìnkẹ́. Má jẹ́ kó pẹ́. Ohun mìíràn tó tún ń kó mi lọ́kàn sókè ni iyọ̀. Ìyá rẹ kò fi iyọ̀ sóúnjẹ rẹ̀ láti kékeré, bí a ti ń ṣe fún àfín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń jẹ ẹ̀wà ní ìdíkọ̀, n kò sì lè máa tẹ̀ lé ọkùnrin tó tó gbéyàwó kiri.

Bàbá rẹ,
J. A. Ògúndìran


Manchester,
Ọjọ́ Ogún, Oṣù Kẹrin, 1988

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí ìyá mi. Mi ò ṣubú lórí yìnyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé ka irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Bí mo ti ka lẹ́tà yín tán ni mo mú ìwé náà lọ bá dókítà awọ ara ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó ní òun kì í kọ oògùn fún ẹni tóun kò fojú rí. Mo fi fọ́tò Abọ́dúnrìn hàn án, èyí tó yà lórí àkàbà, tó gbé búrọ́ọ̀ṣì séyín bí ẹni gbé pákò. Dókítà wo fọ́tò náà títí. Ó ní, "Kí nìdí tí ẹ fi jẹ́ kó máa dúró nínú oòrùn báyìí?" Ó kọ oògùn náà fún mi.

Làmídì ọmọ Ìbà, tí àwa méjèèjì jọ ń gbé ilé kan náà níbí, ń bọ̀ wálé. Òun ni mo fi ìpara náà rán. Méjì ni, kí èkejì wà ní ìpamọ́. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ni kó máa fi ra ojú egbò àti àyíká rẹ̀, kó sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kó jókòó sínú ilé títí yóò fi lò ó tán. Àwọn pátákó kò ní sá lọ. Ó lè ta á díẹ̀, ojú ibẹ̀ sì lè pọ́n díẹ̀. Kí ẹ má fòyà. Kó ṣáà máa fi ra á.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sùn.

Ọmọ yín,
Bọ́lánlé


Okokomaiko,
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹfà, 1988

Bọ́lánlé, ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìgbàgbé ilé. Ìwọ àti dókítà yẹn ni mò ń kí. Làmídì mú oògùn dé, kò sì yọ nǹkan kan nínú rẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ra á fún un. Níbẹ̀rẹ̀, kò ṣe nǹkan kan, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún ọ. Nígbà tó yá, ojú ibẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn náà, Bọ́lánlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà dà bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó láwọ. Ó ń sun omi. Ibi tí kò sí egbò rárá, ní ẹ̀bá imú àti ní iwájú etí, ibẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sú, ó ń bẹ́. Ìyá rẹ kò lè wò ó mọ́, ó máa ń jáde síta. "Díẹ̀" ni o kọ sínú lẹ́tà. Ṣé bí díẹ̀ ṣe ń rí nìyí ní Ìlú Ọba?

Mo jókòó, mo rò ó. Kíláàsì kẹrin ni mo dé ní ilé ìwé girama l'Ábẹ́òkúta, n kò sì gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ wa nínú kẹ́mísìrì: bí a bá da ásíìdì pọ̀ mọ́ álíkálì, iyọ̀ àti omi ni yóò jáde. Olùkọ́ wa sọ ọ́ pé iyọ̀ pọ̀ nínú oògùn òyìnbó. Mo wá bi Abọ́dúnrìn pé, "Báwo ló ṣe ń ta ọ́?"

Ó ní, "Bàbá, bí ìgbà tí wọ́n da iyọ̀ sójú egbò ni."

Mo ní, "Iyọ̀?"

Ó ní, "Mo ní bí iyọ̀ ni o. Ata náà ni ẹ lè pè é."

Mo ní, "Ẹnu ara rẹ ló ti jáde. Ìgbà wo lo jẹ ẹ̀wà ìdíkọ̀ kẹ́yìn?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló ń jóná, ikùn mi kọ́."

Ó yé mi nígbà náà. Èèwọ̀ àfín ni iyọ̀, a sì ń fi ọwọ́ ara wa tì í bọ inú ẹran ara rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Òyìnbó kò mọ èèwọ̀ àfín, n kò bá dókítà yẹn wí. Mo fi omi òjò ṣan gbogbo rẹ̀ kúrò, mo fi òrí tútù ra ojú rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, ìrora ti lọ sílẹ̀, ó jẹun, ó sùn. Mo ti dá ìpara náà dúró. Èkejì wà nínú àpótí mi, n kò ṣí i.

Bá mi bi dókítà bóyá irú tí kò ní iyọ̀ wà. Má bínú pé mo ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Bàbá rẹ,
J. A. Ògúndìran


Manchester,
Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹfà, 1988

Bàbá mi,

Mo kí yín. Kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí tán, ẹ lọ mú ìpara kejì jáde nínú àpótí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ padà lónìí. Mo bẹ̀ yín.

Jíjó tó ń jó o yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí kò dára nínú awọ ni ìpara náà ń wá kiri tó sì ń pa. Ibi tí ẹ ní kò sí egbò, tó wá bẹ́ yẹn, jẹjẹrẹ ti wà níbẹ̀ tí ojú wa kò rí i, oògùn ló rí i. Tó bá ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ ó dá a dúró, awọ tuntun yóò sì yọ. Ẹni tó bá dá a dúró láàárín méjì, igi ló gé, ó fi gbòǹgbò sílẹ̀.

Kì í ṣe iyọ̀, Bàbá. Iyọ̀ kò ṣe Abọ́dúnrìn ní nǹkan kan rí. Oòrùn ni. Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀, oòrùn ni kò sẹ́ni tó ṣọ́.

Ẹ bi mí léèrè "díẹ̀". Dókítà sọ gbogbo bí ojú rẹ̀ yóò ti rí fún mi. Mo mọ̀ yín. Bí mo bá kọ ọ́ bó ti sọ ọ́, ṣé ẹ ó ṣí ìdérí oògùn náà? Ẹni tó ń rò pé mo ti ṣubú lórí yìnyín, kí ni ǹ bá kọ sí i?

Mo pe tẹlifóònù Alhaji Gbàdàmọ́sí onílé yín títí. Yóò dún, yóò sì kú. Bí ẹ bá gba lẹ́tà yìí, kí ẹ fèsì kíákíá.

Bọ́lánlé


Okokomaiko,
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹjọ, 1988

Bọ́lánlé Àyìnkẹ́,

Bá mi yọ̀, ọmọ mi, kí inú rẹ sì rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà ìbínú rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bóyá ó fẹsẹ̀ rìn ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, Olúwa ti ṣe é. Ojú Abọ́dúnrìn ti jinná! Awọ ibẹ̀ ń dán bí ti ọmọ ọwọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè tọ́ka sí ibi tí egbò wà.

Mo wọ sùtánà mi lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dúró níwájú ìjọ, mo jẹ́rìí. Abọ́dúnrìn jó. Ó ti padà sórí àkàbà, pátákó ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ló ń kọ báyìí ní Okokomaiko. Mo ra fìlà elétí fífẹ̀ kan fún un nítorí ohun tí o sọ nípa oòrùn. Ó ní òun dé e. N kò rí i lórí rẹ̀ rí.

Ìwọ ní kí n ṣí oògùn kejì. Bọ́lánlé, ta ni í dáná sun ilé tó ti kọ́ parí? Èmi kò kàwé tó dókítà, ṣùgbọ́n èmi ni mo wà níbí, tí mo fojú rí i. Síbẹ̀, n kò ṣe àìbìkítà. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń gbé gíláàsì mi sójú, tí mo ń lọ wò ó lójú oorun. Ó jí lọ́jọ́ kan, ó pariwo, "Bàbá, ṣé ojú mi ni aago tí ẹ fi ń mọ ìgbà ni?" A rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí o má tún bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ báyẹn.

Bàbá rẹ,
J. A. Ògúndìran


Manchester,
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 1988

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ohùn mi. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ìwé yìí bí ọkùnrin.

Mo bá yín yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Mo ka lẹ́tà yín fún dókítà. Kò yọ̀. Ó ní awọ lè pa dé lórí rẹ̀, kó dán, kó dára, kí nǹkan náà sì máa walẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ mú Abọ́dúnrìn padà sí ilé ìwòsàn. Kó tó di ọjọ́ yẹn, ẹ fi ìka tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ abẹ́ etí, ẹ tẹ ọrùn. Bí kókó bá wà níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, kí ẹ kọ̀wé sí mi.

Bọ́lánlé


Manchester,
Ọjọ́ Keje, Oṣù Kọkànlá, 1988

Bàbá mi,

Ẹ kò fèsì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá mi wí nítorí lẹ́tà. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Bọ́lánlé


Okokomaiko,
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kejìlá, 1988

Àǹtí mi,

Èmi ni, Abọ́dúnrìn. Ẹ má wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe tóbi. Pátákó ló ti mọ́ mi lára.

Bàbá gba lẹ́tà yín. Ó pè mí sí yàrá, ó ní kí n jókòó, ó ń fi ìka tẹ̀ mí bí ẹni ń ra ìbẹ́pẹ. Nígbà tó dé abẹ́ etí, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Kí nìyí?" Mo ní, "Eyín ń dùn mí, ló bá wú." Ó ní, "Eyín?" Mo ní, "Eyín ni, Bàbá." Ó wò mí pẹ́. Ó ní kí n máa fi omi gbígbóná yọ ẹnu. Láti ìgbà yẹn ló ti ń mú bébà jáde láti kọ̀wé sí yín, tó sì ń kó o padà sínú àpótí.

Ẹ̀yin nìkan ni mò ń sọ ọ́ fún. Kókó náà ti tó awùsá báyìí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ti ṣí padà, láti inú wá. Mo dá lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní jẹjẹrẹ náà ti wọ kókó ọrùn, ìpara kò ràn án mọ́. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń fà sí ojú iṣan, ṣùgbọ́n aláìsàn ló ń wá a fúnra rẹ̀. Dókítà náà ṣe èèyàn. Kò wojú mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Ẹ má dá Bàbá lẹ́bi. Nígbà tó ní iyọ̀ ni, mo mọ̀ pé kì í ṣe iyọ̀. Ọdún mélòó ni mo ti ń jẹ iyọ̀ ní ìdíkọ̀ tí kò sí nǹkan tó ṣe mí! Ṣùgbọ́n Àǹtí mi, ó ń jó mi tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí Bàbá bá ní ẹ̀jẹ̀ Fáráò ló wà nínú rẹ̀, ǹ bá gbà. Mo gbé ojú sílẹ̀ fún omi òjò yẹn, mo sì dúpẹ́.

Mi ò gun àkàbà mọ́. Mo kọjá ní Ìyànà Ìbà lọ́jọ́ kan, àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò pè mí ní Òyìnbó. "Bọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni wọ́n ń wí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti bàjẹ́.

Ẹ bá mi sọ fún Bàbá. Mi ò lè sọ ọ́. Kí ẹ kọ ọ́ bó ti rí. Ẹ má fi "díẹ̀" sí i.

Àbúrò yín,
Abọ́dúnrìn


Manchester,
Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kìíní, 1989

Bàbá mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Kí ìyá mi jókòó tì yín.

Kì í ṣe eyín. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe eyín. Jẹjẹrẹ náà ti wọ kókó ọrùn Abọ́dúnrìn. Kò sí ìpara tó lè débẹ̀ mọ́, kí ẹ má fi nǹkan kan ra á. Abẹ́rẹ́ tí mo fi rán ọ̀rẹ́ Làmídì sí yín yìí lè mú kó wálẹ̀ fún ìgbà kan. Yóò máa bì, irun rẹ̀ yóò re. Lẹ́yìn náà, kókó náà yóò padà. Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé yóò padà lóòótọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Oògùn ìrora wà nínú ìgò. Kí ẹ má ṣahun rẹ̀ sí i.

Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba. Bí mo bá jáde báyìí, wọn kò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́, ibí sì ni gbogbo oògùn yìí ti ń wá. Mi ò lè wá, Bàbá. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó má dùn yín.

Bọ́lánlé


Okokomaiko,
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹrin, 1989

Bọ́lánlé, ọmọ mi,

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfẹ́ ọmọ ìyá. Mo ka lẹ́tà rẹ tán. Ìyá rẹ ní kí n kà á fún òun, mo ní ojú ń dùn mí. Ó ní, "Nígbà náà, ó ti yé mi."

Wọ́n fa abẹ́rẹ́ náà sí i lára. Bí o ti wí ló rí. Kókó náà rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro oríṣiríṣi. Ó tún ti padà báyìí, ó sì pe kókó mìíràn wá.

O ní kí n má fi nǹkan kan ra á. Mo mọ̀ pé o kọ ọ́. Mo ṣí àpótí, mo mú ìpara kejì, mo ra á sí ọrùn rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Abọ́dúnrìn jẹ́ kí n ra á. Ó gbé ọrùn sókè fún mi bí ọmọdé tí wọ́n ń wẹ̀. Mo ń retí kó pọ́n. Mo ń sọ fún un pé, "Bó bá ti ń ta ọ́, sọ fún mi, n kò ní ṣan án kúrò." Kò ta á. Kò pọ́n. Títí ó fi tán pátápátá, awọ ibẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé a fi nǹkan kan kàn án.

Ṣé kò sí òmíràn rárá, Àyìnkẹ́? Tó le ju èyí lọ? Bi dókítà yẹn. Sọ fún un pé n kò ní bẹ̀rù mọ́.

Bàbá rẹ,
J. A. Ògúndìran


Okokomaiko,
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Keje, 1989

Àyìnkẹ́,

N kò ní kí ọ púpọ̀. Àbúrò rẹ fi wá sílẹ̀ lánàá, nígbà tí ìyá rẹ ń fún un lómi mu. Oògùn ìrora kò tán. Mo fún un bó ti fẹ́.

Wọ́n ti gbé e jáde nísinsìnyí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń kọ pátákó ló gbé e, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ìjọ. O mọ̀ pé òbí kì í bá wọn lọ, òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Ìyá rẹ wà ní yàrá kejì láàárín àwọn obìnrin. Alhaji Gbàdàmọ́sí jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀. Ó ní òun wá kí mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ńṣe ló ń ṣọ́ mi kí n má baà tẹ̀ lé wọn. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn títí dé ìta. N kò gbọ́ bóyá apá ọ̀tún ni wọ́n yà sí tàbí apá òsì. N kò sì gbọdọ̀ béèrè.

Nígbà tí wọ́n bá fún ọ ní ìwé rẹ, tí o bá wálé, wọn yóò mú ọ débẹ̀. Má sọ ọ̀nà ibẹ̀ fún mi. Má sọ bó ti rí, má sọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òjò ti dá láti òwúrọ̀, oòrùn mú gan-an níta. Ohun kan ṣoṣo ni kí o bá mi wò, kí o sì sọ fún mi: bóyá ìbòòji wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ